Ẹ Yẹ Àtọ̀ Ọkọ Wò Kí Ẹ Tó Ta Ilẹ̀

Ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà Àrà, bí ọdún bá ti ń yí lu ọdún tí ọmọ kò dé, ìyàwó ni wọ́n máa ń mú kiri. Òun ló ń mu àgbo, òun ló ń gbààwẹ̀, òun ni wọ́n ń yẹ inú rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá wá gbọ́ nípa IVF, níbi tí wọ́n ti ń fi àtọ̀ pàdé ẹyin ní láàbù, wọ́n á ta ilẹ̀ tàbí oko kòkó, síbẹ̀ wọn kò tíì yẹ ọkọ wò. Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkọ ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìnáwó yìí. Nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ọwọ́ ọkùnrin wà nínú ohun tó fà á. Àyẹ̀wò náà kì í dunni, owó rẹ̀ kò sì ju bíńtín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó IVF.

Ohun tí láàbù ń wò ni bí àtọ̀ ti pọ̀ tó, iye irú ọmọ (sperm) tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ti ń rìn àti bí wọ́n ti rí. Ìwọ̀n tó kéré jù tí àjọ ìlera àgbáyé (WHO) gbé jáde ní 2021 ni irú ọmọ mílíọ̀nù 16 nínú mìlílítà kan, kí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún sì máa mira. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè bímọ, ṣùgbọ́n èsì náà ló ń júwe ọ̀nà. Bí àléébù bá kéré, tí ọ̀nà ẹyin ìyàwó sì là, wọ́n lè fọ àtọ̀ kí wọ́n fi sínú ilé ọmọ. Bí irú ọmọ kò bá pọ̀ rárá, ẹ̀yà IVF tó ń jẹ́ ICSI ni, níbi tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ ti ẹyọ irú ọmọ kan sínú ẹyin kan. Brussels, ní Belgium, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í bímọ ní 1992.

Ẹlòmíràn á ní, bí ẹyọ kan ṣoṣo bá ti tó, kí la tún ń yẹ̀ wò? Ẹyọ tó bàjẹ́ nínú lè wọnú ẹyin, kí ọlẹ̀ má sì dàgbà, tàbí kí oyún wálẹ̀. Òótọ́ ni pé ọjọ́ orí ìyàwó ló wúwo jù nínú àṣeyọrí IVF. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn: gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń tọ́jú ìyàwó nìkan, ẹyin rẹ̀ ń dàgbà lọ, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé ọkọ kì í ṣe akúra, pé ó ti bímọ rí. Agbára orí ibùsùn kọ́ là ń yẹ̀ wò. Àtọ̀sí tí wọn kò wò dáadáa lè dí ọ̀nà àtọ̀ lẹ́yìn àkọ́bí; iṣan inú àpò ẹpọ̀n lè wú; abẹ́rẹ́ testosterone tí àwọn kan ń gbà fún okun lè dá irú ọmọ dúró pátápátá. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń pọn ẹ̀rọ ìfínko, ẹ fetí sílẹ̀: ní 1977, ní California, àwọn òṣìṣẹ́ kan tó ń po oògùn oko tó ń jẹ́ DBCP di ẹni tí àtọ̀ wọn ṣófo. Oògùn yẹn kọ́ là ń fín sí kòkó níbí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé oògùn oko lè dé ibẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Púpọ̀ nínú àléébù wọ̀nyí ló ní ìtọ́jú, àmọ́ àtọ̀ tuntun ń gbà tó oṣù méjì ààbọ̀ kó tó gbó, nítorí náà ẹ má kánjú, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò náà ṣe kí ẹ tó gba èsì gbọ́.

Àtọ̀ gbọ́dọ̀ dé láàbù láàárín wákàtí kan tó bá jáde. Ẹni tó ń bọ̀ láti abúlé tó jìn sí Mọníyà tàbí Àkànràn, kó lọ fi í sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn gan-an, lẹ́yìn tó bá ti yàgò fún ìyàwó fún ọjọ́ méjì sí méje. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ọmọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ rán lọ.