Tara Ẹni Là Á Kọ́kọ́ Gbọ̀n: Ọ̀rọ̀ Òbí Tó Fẹ́ Di Panápaná

Bí òbí kan bá sọ nínú agbo ilé kan ní Ìwó, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà tàbí iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ kí òun lọ di panápaná, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé: "Ta ni yóò bá ọ tọ́ ọmọ?" Ìbéèrè ìfẹ́ ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun di aláìlóbìí nítorí iná tó ń jó ilé onílé. Síbẹ̀, bí a bá yẹ ìbéèrè náà wò dáadáa, ẹrù tó gbé lé òbí lórí kì í ṣe èyí tó yẹ kó dá rù. Níní ọmọ kò tó ìdí láti sá fún iṣẹ́ yìí. Ohun tó yẹ kí ọmọ mú òbí ṣe ni kó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé, kí ìjọba tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ sì dá a lóhùn.

Àwọn kan yóò ní kí a fi iṣẹ́ iná sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì bímọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà sábà máa ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 60 tàbí tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó wọlé lọ́mọ ọdún 22 láìní aya, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, yóò gbéyàwó, yóò sọmọ lórúkọ, yóò san owó ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú aṣọ panápaná ni yóò ti ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn panápaná, bí wọn kì í bá ṣe òbí lónìí, òbí ọ̀la ni wọ́n. Iṣẹ́ tí kò bá ṣeé ṣe fún òbí, kò yẹ kí wọ́n fi lọ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ìwó sì nílò àwọn tí ará ìlú mọ̀ nídìí iná. Ní ọjà bí Òdò Orí, ìsọ̀ fara kan ìsọ̀, aṣọ àti ike kò jìnnà síra, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́nu ọ̀nà, bẹntiróòlù sì lè wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọlọ́jà. Bí ọyẹ́ bá ti gbẹ gbogbo nǹkan, iná kékeré ti tó. Nírú ibẹ̀, ẹni tó mọ ọ̀nà kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò lè gbà, tó mọ kànga tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ti ní ìmọ̀ tí wọn kì í kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ohùn tún ṣe pàtàkì. Ní Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jígáwà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ agbépo ṣubú, àwọn èèyàn ya lọ gbọ́n epo, iná sì sọ láàárín wọn. Ẹni tó lé ní 150 ló kú. Ṣáájú kí iná tó dé, ohun tó lè gbani là ni ohùn tí èrò yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu. Nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ ọmọ ni a fi ń pe òbí. Bí Bàbá Ráfíù tàbí Ìyá Sìdíkátù bá kígbe pé kí àwọn ọmọ fi epo yẹn sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ju ti àjèjì lọ. Jíjẹ́ òbí, irinṣẹ́ ni nídìí iṣẹ́ yìí.

Kò sí ẹni tó yẹ kó bo ewu iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Ọwọ́ iná tí ojú ń rí nìkan kọ́. Ní ọdún 2022, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi iṣẹ́ panápaná sí ìpele kìíní, ìyẹn ìpele àwọn ohun tí ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tó jáde ní 2007 fi hàn pé nínú 100 panápaná tó kú sẹ́nu iṣẹ́, nǹkan bí 45 ni àìsàn ọkàn pa. Ewu náà sì lè bá òbí wọlé. Ẹ wo ẹni tó ti ibi tí fóòmù àti ike ti jó dé, tí èéfín dúdú ṣì lẹ̀ mọ́ ọrùn àti aṣọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta sáré jáde pẹ̀lú "Ẹ káàbọ̀!", ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fi ojú ra ṣòkòtò náà. Kí ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ má baà di àkóbá, aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò ní ibùdó panápaná. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti fọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni kí òṣìṣẹ́ ti wẹ̀ kó tó máa lọ sílé. Ohun tí èyí ń béèrè kò ju ìpààrọ̀ aṣọ, omi, ọṣẹ àti balùwẹ̀ lọ.

Òwe kan wà tó lè dà bí ọ̀rọ̀ onímọtara-ẹni-nìkan: bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Nídìí iṣẹ́ iná, òfin ìgbàlà ni òwe yìí, nítorí panápaná tó bá ṣubú sínú èéfín ti di ẹni mìíràn tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ gbé jáde. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1998, ní Linton, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, panápaná 5 ń lọ rọ omi sínú ọkọ̀ wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà. Iná ká wọn mọ́ inú ọkọ̀ náà, gbogbo wọn ló kú. Ikú wọn ló bí Ọjọ́ Panápaná Àgbáyé tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Ìgboyà kò wọ́n àwọn márùn-ún náà. Ẹ̀kọ́ tí àwọn panápaná ń tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé omi ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tán pátápátá. Díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù fún ààbò àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Omi tó yẹ kó ṣẹ́ kù fún òbí, inú ìwé ló wà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Òfin mìíràn, ti ọdún 2010, wà fún owó gbà-má-bìínú ẹni tó bá fara pa, tó gba àrùn tàbí tó kú nídìí iṣẹ́. Nítorí náà, kí òbí béèrè láìtijú. Ṣé wọ́n ti san owó adójútòfò ti ọdún yìí? Orúkọ ta ni wọ́n kọ síbi ajogún? Agolo afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń mí nínú èéfín, mélòó ló wà, òṣìṣẹ́ mélòó ló sì ń pín in lò? Ìgbà wo ni dókítà yẹ ọkàn wọn wò kẹ́yìn? Kó má sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìwé ìgbàsíṣẹ́ tó dé. Fọ́ọ̀mù panápaná ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe títà. Ẹni tó bá ní kó mú owó wá, jìbìtì ló fẹ́ lù ú.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ọjọ́ orí. Ìpolówó ìgbàsíṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń fi òpin sí ọjọ́ orí ẹni tó lè wọ ọ̀pọ̀ ipò, ọ̀pọ̀ òbí ni ìlẹ̀kùn yìí sì ti tì mọ́ ìta. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ lè sọ pé iṣẹ́ agbára ni, pé ọkàn àgbà kò dà bí ti ọ̀dọ́. Òótọ́ ni pé ọkàn ń dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò dókítà ló ń fi èyí hàn, kì í ṣe ìwé ọjọ́ ìbí. Ilé iṣẹ́ panápaná ìlú Lọ́ńdọ̀nù kò fi òpin sí ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ wọlé. Kó ti pé ọdún 18, kó sì yege nínú ìdánwò agbára. Ẹni tó wọlé lọ́mọ ọdún 36 ṣì ní ọdún 24 láti sìn kó tó pé 60. Fún ẹni tí ìlẹ̀kùn bá ṣì tì mọ́, ọ̀nà mìíràn wà. Ní Jámánì, nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn ló jẹ́ panápaná olùfarajìn, tí wọ́n ní iṣẹ́ òòjọ́ tiwọn. Bí wọ́n bá kọ́ àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ Ìwó bẹ́ẹ̀, iná yóò bá ẹni tó mọ̀ ọ́n pa kí ọkọ̀ tó dé.

Ẹnìkan lè wá béèrè pé, bí ìdáhùn tí òbí gbà bá jẹ́ pé kò sí adójútòfò, kò sí agolo afẹ́fẹ́ ńkọ́? Kó dúró ná. Ẹni tó bá dúró nírú ipò yìí kì í ṣe ojo. Omi ọkọ̀ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Àmọ́ kí ìbéèrè agbo ilé yẹn má ṣe parí sí agbo ilé. Kí àwọn àgbà, ìyàwó, ọkọ àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà gbé e lọ sí Òṣogbo, níwájú àwọn tó ń ṣètò owó ìpínlẹ̀: ọmọ wa fẹ́ wá bá yín paná, ta ni yóò bá a tọ́ ọmọ? Ọjọ́ tí wọ́n bá lè fi ìwé dáhùn, tí orúkọ àwọn ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀, ni kí òbí lọ gba aṣọ iṣẹ́.