Orúkọ Ńlá Kì Í Ṣe Owó Oṣù

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, arákùnrin wa kan láti gáréèjì dìde, ó ní àwọn ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ilé-iṣẹ́ wa kì í ṣe òṣìṣẹ́ bí tiwa. Ó ní inú ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń jókòó sí, ẹ̀yìn ọ̀gá ni wọ́n sì wà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò pàtẹ́wọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, agbègbè kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tó ń gba owó orí ilé àti ilẹ̀, tó sì ń gba tíṣà, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì, alásè, agbálẹ̀ àti àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà síṣẹ́. "Technology support specialist" ni wọ́n kọ sí káàdì tó fi kọ́ àyà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ orúkọ yìí, ó gbé ọpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rò pé ọmọ òun ti di ọ̀gá.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ ọ̀gá ọ̀hún. Kí agogo àárọ̀ tó lù, tíṣà kan ti ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri kò tàn. Òmíràn ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọmọ kan jókòó lé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú rẹ̀ fọ́ yángá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé bébà há ọ̀nà ọ̀fun. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni òun nìkan ń tọ́jú, mọ́tò ara rẹ̀ ló sì fi ń sáré láàárín wọn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ ìdánwò ìpínlẹ̀, kò sí oúnjẹ ọ̀sán mọ́, nítorí láti ọdún ẹ̀kọ́ 2022 sí 2023, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà ní Texas. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dá, ìdánwò dá. Ẹ̀yin fítà, ṣé ẹ ò rí ara yín níbẹ̀? Bí bọ́ọ̀sì bá ń rìn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ wà láyé. Ọjọ́ tó bá kú sójú ọ̀nà ni wọ́n máa ń rántí orúkọ yín.

Owó ńkọ́? Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kó owó fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 2020 sí 2021. Àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí bílíọ̀nù 190 dọ́là. Ọ̀pọ̀ agbègbè mú nínú rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà ní ọjọ́ ikú. 30 September 2024 ni gbèdéke tí wọ́n fún wọn láti ná ìpín kẹta, tó pọ̀ jù, sórí ohunkóhun tuntun. Owó lọ, kọ̀ǹpútà kù, ojú wọn sì ń fọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀gá tó ra ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀sì tí kò gba fítà kan kún ti àtẹ̀yìnwá, ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀.

Ti orúkọ yẹn ló dùn mí jù. Àwọn ọ̀gá kan máa ń ní ẹni tó bá ti jẹ́ "specialist" kì í gba ófátáìmù. Irọ́ ńlá! Òótọ́ ni pé òfin Amẹ́ríkà yọ àwọn kan tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà kúrò nínú ófátáìmù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ dáhùn ìbéèrè lórí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an, ó ní ẹni tó ń wá ibi tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́, tó ń tún un ṣe, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ófátáìmù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wò, wọn ò wo káàdì. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lè fi ìsinmi san án, wákàtí kan àbọ̀ fún wákàtí kan. Odindi ọdún méjì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ṣiṣẹ́ alẹ́ láìmọ èyí. Ta ni ì bá sọ fún un? Òfin Texas kò jẹ́ kí agbègbè ẹ̀kọ́ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn lórí owó iṣẹ́, ó sì ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀ fún wọn.

Ẹ wá wo Los Angeles ní California, níbi tí òfin ti gba ẹgbẹ́ láàyè. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn dírẹ́bà bọ́ọ̀sì, agbálẹ̀, alásè àti olùrànlọ́wọ́ tíṣà, tí wọ́n tó bí 30,000, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tíṣà ní ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, síbẹ̀ wọ́n bá wọn jáde. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti gbà láti fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, díẹ̀díẹ̀. Ká ní àwọn tíṣà ti sọ pé agbálẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ńkọ́?

Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà nínú ilé-iṣẹ́ wa. Mo ti bá méjì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀gá sọ fún àwọn pé "officer" ni àwọn, pé àwọn kò lè wọ ẹgbẹ́. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, èmi yóò mú àbá wá pé ká gba fọ́ọ̀mù wọn. Arákùnrin wa ti gáréèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣaláì wá o. Bí ẹ bá fẹ́ takò mí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti takò mí, lójú àwọn ọmọ náà.