Ọtí kọ́ ló wa ọkọ̀

Tí ọkọ̀ bá pààyàn nílẹ̀ yìí, tí òórùn ọtí sì ń bú tùù lẹ́nu awakọ̀, ọ̀rọ̀ tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé iṣẹ́ èṣù ni. Lẹ́yìn náà làwọn àgbà yóò kó ara wọn lọ sọ́dọ̀ ẹbí olóògbé, wọn yóò ní kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú, nítorí ẹni tó ti kú kò ní í jí mọ́. Wọn yóò gbé owó ìsìnkú kalẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di àparí-sílé.

Òfin kò wí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò ní Gúúsù Nàìjíríà, abala 29 sọ pé ọtí kì í ṣe àwáwí fún ọ̀daràn, àyàfi nínú ìwọ̀nba ọ̀nà tí òfin náà fúnra rẹ̀ là sílẹ̀, bíi kí ẹlòmíràn fi ìkà po ọtí mọ́ ohun tó mu. Ìdí rẹ̀ yé ni. Nígbà tí ojú ọkùnrin náà ṣì dá, kó tó gbé ife àkọ́kọ́, ó mọ̀ pé mọ́tò lòun wà wá. Abala 325 sì sọ pé ẹni tó bá pààyàn láìgbèrò rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n gbére jura. Àmọ́ nínú òfin ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ọdún 2007, N5,000 ni owó ìtanràn ẹni tó mutí wakọ̀, iye tí ẹlòmíràn ń ná sórí ọtí níjòókòó kan!

Níbi tí ẹjọ́ ti sábà máa ń wọ́ ni ẹ̀rí. Òfin kò fẹ́ kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kọjá 50 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà. Ara a sì máa mú nǹkan bíi 15 kúrò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ tí tirẹ̀ jẹ́ 110 nígbà tó pààyàn láago mẹ́wàá alẹ́, tí ọlọ́pàá kò bá yẹ èémí tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò títí ilẹ̀ fi mọ́, ojú rẹ̀ yóò ti dá ṣáká láago mẹ́fà ìdájí. Kí ni agbẹjọ́rò ìjọba fẹ́ kó síwájú adájọ́? Òórùn?

Ẹni tó ni ọkọ̀ náà kò mọ́ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń jẹ́ nígbà tó pààyàn, ẹbí olóògbé lè pe òun náà lẹ́jọ́ kó sanwó gbà-má-bínú. Ọ̀pọ̀ opó ni kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ yìí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba owó pósí, tí wọ́n sì ń tọwọ́ bọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ti parí.