Ẹ Má Bi Mí Ní "Mítà Mélòó?" Mọ́

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi! Mo ní ẹjọ́ láti rò lónìí. Gbogbo yín ni mo pè lẹ́jọ́, mo sì pe ara mi pẹ̀lú.

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Koh Tao, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ń bi mí. Ní hósítẹ́ẹ̀lì, níbi tí a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, lórí ìlà oúnjẹ, kódà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú: "Mítà mélòó lo dé?" Ẹnì kan ò bi mí pé kí ni mo kọ́. Ẹnì kan ò bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mítà mélòó, mítà mélòó, bí ẹni tó ń bèèrè iye jálá epo bẹntiróòlù.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò ní dáhùn mọ́. Ẹ ka ìwé yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní rí nọ́ńbà tèmi kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí ọdún 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì yanṣẹ́ lódì ní oṣù Kejì tí a ò sì padà sí kíláàsì títí di oṣù Kẹwàá. Àwọn kan nínú yín kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn kan ta dátà, àwọn kan sùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Chumphon ní orílẹ̀-èdè Thailand, ló ní kí n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ òun. Láti Chumphon, ọkọ̀ ojú omi ń lọ sí Koh Tao. "Koh" ni wọ́n ń pe erékùṣù, "tao" sì ni ìjàpá òkun. Àwa tí a gbọ́ àlọ́ Ìjàpá dàgbà, erékùṣù Ìjàpá ni mo lọ kọ́gbọ́n. Ibẹ̀ ò tóbi rárá, nǹkan bíi kìlómítà 21 níbùú lóòró. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú ni ìjọba ń kó pamọ́ síbẹ̀. Lónìí, bí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ṣe kún ẹnu géètì wa ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmòòkùn ṣe kún etíkun wọn. Ẹ̀gbọ́n mi san owó kóòsì fún mi. Wọ́n ní, "Dípò kó o máa sùn nílé mi, lọ kọ́ nǹkan."

Oríṣi méjì ni mo kọ́. Ọ̀kan ni mímòòkùn lórí èémí ẹyọ kan, láìgbé sìlíńdà. Èkejì ni ti àwọn tó ń gbé sìlíńdà méjì sẹ́yìn, tí wọ́n tún so òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n lè pẹ́ nísàlẹ̀ jíjìn. Ní Thailand, "Kru" ni wọ́n ń pe olùkọ́, nítorí náà Kru lèmi náà ń pe obìnrin tó kọ́ mi. Kò ga, kò sanra, kì í pariwo.

Ohun tí Kru kọ́kọ́ kọ́ wa nìyí: bí o bá ti dé mítà 10, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ á sún kì di ìdajì. Ní mítà 30, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Omi á máa tẹ etí rẹ mọ́nú. Bí etí ò bá ṣí, kò sí ọgbọ́n, kò sí àdúrà, padà sókè. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni etí mi fi ń kọ̀. Mo ń lọ, mo ń padà, ojú ń tì mí. Kru ní, "O mọ̀ ọ́n padà. Èyí tó le jù nìyẹn." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ẹ bá sé èémí, ohun tó ń mú àyà jà, tó ń sọ pé "Mí! Mí jàre!", kì í ṣe pé ọ́síjìn ti ń tán. Kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tó ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Òun ni aago ìkìlọ̀. Ẹni tó bá wá ń mí fìnkìnfìnkìn kó tó wọ omi, bí àwọn tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù, kò fi bẹ́ẹ̀ kó ọ́síjìn kún èyí tó ní. Bátìrì aago ló ń yọ. Ọ́síjìn á tán, aago ò ní dún, iná á kàn kú lójú ẹni ni. Kò ní dùn ọ́. Kò ní bà ọ́ lẹ́rù. Ìdí nìyẹn tó fi ń pani. Ìgbà tó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí ènìyàn yọrí, tàbí tó ti yọrí tán pàápàá. Nítorí náà, òfin wọn ni pé ẹnì kan kì í dá lọ. Ọ̀kan á lọ, ọ̀kan á máa ṣọ́ ọ, á sì máa wo ojú rẹ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó ti gbórí sókè.

Ní ti sìlíńdà ńkọ́? Ibẹ̀ ni nọ́ńbà pọ̀ sí. Ọ́síjìn gidi, èyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là ní ọsibítù, bí o bá mí in kọjá mítà 6, ó lè mú gìrì gbé ọ nínú omi. Èyí tó jẹ́ ìdajì ọ́síjìn, mítà 21 ni òpin tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán tí a ń mí yìí náà, bó bá ti jìn, náítírójìn inú rẹ̀ á máa pa ọ́ bí ẹmu, wàá máa rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí. Náítírójìn yẹn kan náà á sì ti wọ inú ara rẹ. Bí o bá sáré gòkè, á ṣe bí ìgò mínírà tí wọ́n mì tí wọ́n ṣí lójijì. Nítorí náà wàá dúró níbi tí wọ́n ní kí o dúró, fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ní kí o dúró, ì báà ṣe pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́. Bí o bá wọ inú ọkọ̀ tó rì, ìdá kan afẹ́fẹ́ rẹ ni ti àlọ, ìdá kan ni ti àbọ̀, ìdá kẹta ni ti ọjọ́ burúkú.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, nọ́ńbà ìpadà ni. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ènìyàn lè fi yangàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ ohun tí mi ò sọ fún yín rí. Mo féèlì. Ọkọ̀ ogun kan wà ní Koh Tao, HTMS Sattakut lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì ní ọdún 2011, ó sì jókòó sí nǹkan bíi mítà 30. Ibẹ̀ ni Kru ti dán mi wò. A ti fẹnu kò pé bí gééjì mi bá ti dé ibi báyìí, a ó yí padà. Ó dé ibẹ̀. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹja ńlá kan ń yọjú lábẹ́ ìbọn iwájú ọkọ̀ náà, mo ní kí n kàn wò ó díẹ̀ sí i. Ìṣẹ́jú kan péré ni, bóyá kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun ò ṣe mí. Nígbà tí a gun orí ọkọ̀, Kru ní, "Omi ò ṣe nǹkan kan fún ọ lónìí. Ìyẹn gan-an ló burú, torí wàá tún un ṣe." Kò fọwọ́ sí ìwé mi. Bí mo ṣe padà wálé láìrí káàdì yẹn gbà nìyẹn.

Mo bínú sí i nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa Nicholas Mevoli, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ní Bahamas. Mítà 72 ló fẹ́ dé, lórí èémí ẹyọ kan, láìlo ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi ń wẹ̀. Nígbà tó dé nǹkan bíi mítà 68, ó ní ìṣòro, ó fẹ́ padà. Lẹ́yìn náà ó tún yíjú sísàlẹ̀. Ó dé mítà 72 lóòótọ́. Ó yọrí, kò pẹ́ tó fi dákú, wọn ò sì rí ẹ̀mí rẹ̀ dá dúró. Mítà mẹ́rin o! Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kú pé nọ́ńbà ti wọ òun lórí bí àrùn. Ẹni tó mọ orúkọ àrùn rẹ̀ náà ni àrùn náà ṣì pa.

Ẹ ó ní, "Kí ló kàn wá? Bahamas jìnnà." Ṣé ó jìnnà lóòótọ́?

Nígbà tí mo dé, kí ni mo sọ fún yín? Mo fi káàdì tí mi ò rí gbà pa mọ́, mo sọ mítà. Mo sọ ìṣẹ́jú. Mo dúró lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá wa, mo ń ṣàpèjúwe bí mo ṣe sé èémí, ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, orí mi ń wú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a lọ ṣe ọjọ́ìbí ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Èmi ń jẹ sùyà. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ní òun fẹ́ já nọ́ńbà mi. Ó mí fìnkìnfìnkìn ní ìgbà bí ogún, ó wọlẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń kà á sókè: àádọ́rin, ọgọ́rin, àádọ́rùn-ún... Wọ́n ṣì ń kà nígbà tí mo yíjú, tí mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò di ẹ̀gbẹ́ mọ́, ó kàn ń léfòó bí aṣọ. Mo bẹ́ sínú omi pẹ̀lú bàtà. Nígbà tí a gbé orí rẹ̀ sókè, ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró. Mo gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, mo ń pe orúkọ rẹ̀, mo ní, "Mí! Mí!" Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ó mí.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀? "Ìṣẹ́jú mélòó ni mo ṣe?"

Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn láti ọjọ́ náà. Omi ibẹ̀ ò ju àyà àgbàlagbà lọ. Àwa mọ́kànlá la dúró yí i ká. Kì í ṣe ìjìnlẹ̀ ló fẹ́ pa á. Ìtàn tí èmi sọ àti ìbéèrè tí ẹ̀yin bi ló fẹ́ pa á.

Mo mọ èsì àwọn kan. Wọ́n á ní, "Ṣé o rí i? Wèrè òyìnbó ni. Òmùwẹ̀ náà ni omi ń gbé lọ, ẹ jìnnà sómi." Mi ò gbà. Ní ọdún 2018, nígbà tí ọmọkùnrin 12 àti olùkọ́ bọ́ọ̀lù wọn há sínú ihò Tham Luang ní àríwá Thailand, ẹni tó mọ ìmòòkùn ló rí wọn, àwọn ló sì kó gbogbo wọn jáde láàyè. Saman Kunan, tó ti jẹ́ ọmọ ogun ojú omi rí, kú síbẹ̀ níbi tó ti ń gbé sìlíńdà sílẹ̀ fún ìrìn náà. Ẹ tiẹ̀ wo ilé wa níbí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé ní òkun Nàìjíríà. Ènìyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene tó ń dáná fún wọn nìkan ló yè é, nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bíi mítà 30, fún nǹkan bí 60 wákàtí. Àwọn òmòòkùn ló fa á jáde. Wọn ò sáré gbé e lọ sókè o, torí ìyẹn ì bá pa á. Inú yàrá onírin ni wọ́n gbé e sí, tí wọ́n ń dín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ omi kù fún un díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin yìí padà lọ kọ́ iṣẹ́ òmòòkùn fúnra rẹ̀. Àbí òun náà ya wèrè? Ìmọ̀ ló gbà á là, ó sì lọ gba ìmọ̀.

Àwọn kejì á ní, "Láìsí nọ́ńbà, báwo la ó ṣe mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe?" Ẹ wo ẹni tó ń padà bí ó ṣe sọ. Ẹ wo ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ lè sùn lé. Ẹni tó lọ jìnnà lẹ́ẹ̀kan, oríire lè gbé e dé ibẹ̀. Ẹni tó padà nígbà tó yẹ, lójoojúmọ́, ìyẹn ló mọ omi.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Ẹ má fi èémí díje nínú omi. Ẹ má mí fìnkìnfìnkìn kí ẹ tó wọlẹ̀. Ẹ má dá lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan dá lọ. Ẹni tó bá ń ka ìṣẹ́jú, kó dákẹ́ kíkà, kó máa wo ojú ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ wá olùkọ́ tó lè kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé yín.

Bí ẹ bá sì tún pàdé mi níbi fọ́tòkọ́pì, ẹ bi mí pé, "Níbo lo ti padà?" Màá fi ìdí tábìlì hàn yín, màá ní kí ẹ jókòó, torí ìtàn ibẹ̀ pọ̀.