Ẹni tí igi gogoro ti gún lójú ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, inú sì ń bí mi. Ẹ fara dà á fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi tó jẹ́ SS tún dèrò ilé ìwòsàn lóru níbí, nílùú ọba. Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó fún un ní mọ́fíìnì. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ bi í bóyá oògùn ti di bárakú fún un. Bẹ́ẹ̀, láti 2012 ni ìlànà NICE ti sọ pé kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ.

Mo gbé e sórí WhatsApp wa. Ẹnì kan ní, "Àwọn òbí yín ni ò yẹ genotype wò." Ẹlòmíì ní, "Ṣebí wọ́n ti rí ìwòsàn ẹ̀?"

Ẹ gbọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo gbà. Ẹni tó ti gún lójú ńkọ́? Ṣé ká dúró tì í, ká máa wàásù ni?

Ti ìwòsàn yẹn, lóòótọ́, ní November 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí Casgevy níbí, èyí tó ń tún jíìnì ṣe. Ní Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé e fún ẹnì kan. Mélòó nínú àwọn èèyàn wa n'Íbàdàn ló lè san án? 1910 ni Dókítà Herrick kọ̀wé lórí àrùn yìí ní Chicago; 1998 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí hydroxyurea fún un. Ọdún 88! Oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n sì yá lò.

Ìrora yìí gan-an ni mò ń ṣe PhD lé lórí. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora míì wà tí kì í lọ kódà bí ara bá ti rọlẹ̀: egungun ìbàdí tó ti bàjẹ́, àti ọpọlọ tí ìrora ti kọ́ débi pé ohun kékeré ń dùn ún wọra. Mọ́fíìnì nìkan ò lè yanjú ìyẹn. Ibẹ̀ ni ìwádìí kù sí. Kò sì sí ẹ̀rọ tó ń wọn ìrora; ẹnu aláìsàn la ó ti gbọ́ ọ. Tá a bá ti pe ẹnu yẹn ní òpùrọ́, kí ló kù?

Nítorí náà, ẹ fi ìwàásù sílẹ̀. Ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ẹ̀jẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ló sábà máa ń bá tiwọn mu jù. Bí olùwádìí bá pè yín, ẹ má kàn sọ pé "wọ́n fẹ́ fi wá dánra wò." Ẹ bi í léèrè dáadáa, kẹ́ ẹ tó pinnu. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ń lọ sílé ìwòsàn lóru, ẹ bá a lọ, kẹ́ ẹ máa wo aago.

Fòníkú-fọ̀ladìde làwọn baba wa pe àrùn yìí. Wọn ò ní máíkírósíkóòpù, síbẹ̀ wọ́n gbà pé ìrora náà súnmọ́ ikú. Àwa tá a kàwé dé ìlú òyìnbó, a ní irọ́ ni.