Áàpù yẹn ò mọ ojú ìyá àgbà yín

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ju fọ́tò àwọn àgbàlagbà sínú áàpù pé kó bá yín sọ ọ́ di HD, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù.

2/ Nígbà tí a fẹ́ sin ìyá tó bí màmá mi, fọ́tò kan ṣoṣo la rí: pásípọ́ọ̀tù kékeré, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá, ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Èmi ọ̀mọ̀ràn ní "ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Mo fi fóònù yà á, mo jù ú sínú áàpù. Kíá, ó ti ń dán gbinrin.

3/ Màmá mi wò ó, wọ́n tún un wò. "Ta nìyí?" Àbàjà ojú ìyá àgbà ti pòórá! Ilà tí olóòlà kọ, tí wọ́n sunkún lé lórí, ni áàpù pa rẹ́ bí ẹni nu ìdọ̀tí.

4/ Ẹ gbọ́: ohun tí kámẹ́rà ò bá mú, kò sí nínú fọ́tò nìyẹn. AI ò lè fà á jáde. Ṣe ló ń méfò, látinú ojú àwọn ẹlòmíì tí wọ́n fi kọ́ ọ.

5/ Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Duke, Amẹ́ríkà, gbé PULSE jáde. Ó ń sọ fọ́tò píksẹ́ẹ̀lì 16 sí 16 di 1024 sí 1024. Wọ́n fi fọ́tò Obama tó ṣe bàìbàì sínú ẹ̀, ojú òyìnbó ló gbé jáde. Obama o! Mélòómélòó wá ni ìyá àgbà mi?

6/ Mi ò ní kí ẹ má lò ó. Tó bá jẹ́ fọ́tò jọ̀lọ́ọ̀fù yín ni, ẹ máa dán an lọ. Àmọ́ fọ́tò ẹni tó ti lọ, ẹ̀rí ni.

7/ Ẹ fi scanner yà á, ó kéré tán 600 dpi. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, kó má baà dín in kù. Ẹ má pa ojúlówó rẹ́ láé. Tí AI bá fọwọ́ kàn án, ẹ kọ ọ́ sí i.

8/ Èyí tó ń ṣe bàìbàì yẹn la padà lò fún pósítà. Kò dán, àmọ́ ìyá àgbà wa ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí ni áàpù ti nù kúrò lójú àwọn èèyàn yín?