Abẹ́rẹ́ Agbára àti Ọ̀rọ̀ Ọmọ

Èdè wa ní orúkọ fún obìnrin tí kò rọ́mọ bí: àgàn. Ó ní orúkọ fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò lè ṣe ojúṣe lọ́kọláyà: akúra. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, tí aya rẹ̀ kò ní ẹjọ́ kankan láti rò nípa rẹ̀ ní yàrá, síbẹ̀ tí kò sí irúgbìn nínú àtọ̀ rẹ̀, n kò mọ orúkọ kan pàtó tí a ń pe irú rẹ̀. Ìmọ̀ èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, mo sì gbà pé àìsí orúkọ yẹn wà lára ohun tí ó mú kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mu àgbo fún odindi ọdún 2.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí, ilé kan náà ni a sì ti dàgbà ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó sanra díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí jíìmù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé abẹ́rẹ́ testosterone yóò tètè yọ iṣan apá rẹ̀, yóò sì lé àárẹ̀ jìnnà sí i. Ó ń rà á ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, ó sì ń gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni ó máa ń rán nígbà mìíràn.

Ìyàwó wa kì í pe orúkọ mi. Akọ̀wé ni ó sọ mí. Ó ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti ya fọ́tò ilé ọmọ rẹ̀, ó ti gbààwẹ̀, ó ti gun orí òkè lọ gbàdúrà. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ burúkú sí i rí. Ikùn rẹ̀ nìkan ni ó máa ń kọ́kọ́ wò bí ó bá kúnlẹ̀ kí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo ìwé tí ẹ ń kà yìí, ṣé kò sí ewé kan tí àwọn àgbà máa ń lò?” Mo ní n ó wò ó. Abẹ́rẹ́ ọkọ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá ní ọwọ́ mi bí mo ṣe ń dá a lóhùn.

Nígbà tí dókítà kan ní kí ọkọ náà wá ṣe àyẹ̀wò àtọ̀, òdo ni èsì rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òdo náà ni. Ìbéèrè tí dókítà bi í kò gùn: “Ọ̀gá, ṣé ẹ ń lo oògùn agbára kankan?”

Iṣẹ́ 2 ni kóró ẹpọ̀n ń ṣe: ó ń pèsè testosterone, ó sì ń pèsè irúgbìn. Kì í dá iṣẹ́ náà ṣe. Kókó kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, òun ni ó ń rán LH àti FSH sí i gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. LH ní kí ó pèsè testosterone. FSH pẹ̀lú testosterone tí a pèsè nínú kóró náà ni ó ń tọ́ irúgbìn dàgbà. Ọpọlọ a máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá rí i pé testosterone ti pọ̀ níbẹ̀, kò ní béèrè ibi tí ó ti wá. Yóò dá àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ dúró. Kóró ẹpọ̀n yóò wá jókòó láìníṣẹ́, yóò sì súnkì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, èmi náà sì wà lára wọn: a rò pé bí oògùn náà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, yóò dé kóró ẹpọ̀n. Ṣùgbọ́n testosterone tí irúgbìn nílò nínú kóró náà ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, abẹ́rẹ́ kò sì lè fi ibẹ̀ kún tó bẹ́ẹ̀. Apá yóò yọ, ìfẹ́ obìnrin tilẹ̀ lè pọ̀ sí i, àtọ̀ yóò sì máa jáde bí ó ti ń jáde tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò fura? Èyí tí a ń fi pa ara bí ìpara náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dán oògùn yìí wò gẹ́gẹ́ bí ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1990, ọkùnrin 271 láti orílẹ̀-èdè 7 gba mílígíráàmù 200 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn 157 kò ní irúgbìn kankan mọ́ láàárín oṣù 6. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí wá gbára lé abẹ́rẹ́ náà nìkan fún ọdún kan, oyún 1 péré ni ó wáyé. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra ìfètò-sọ́mọ-bíbí, aya rẹ̀ sì ń fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra àgbo ọmọ.

N kò sọ pé kí ẹni tí testosterone rẹ̀ kéré ní tòótọ́ má gba ìtọ́jú. Kí ó kàn sọ fún dókítà ṣáájú pé òun ṣì fẹ́ bímọ. Àwọn oògùn mìíràn wà, bíi clomiphene àti hCG, tí ń mú kí ara fúnra rẹ̀ pèsè testosterone. A sì lè tọ́jú àtọ̀ pamọ́ sínú yìnyín kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń gún un kò gbọdọ̀ dá a dúró láìrí dókítà, nítorí àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó lè tẹ̀ lé e.

Irúgbìn a máa padà. Àkójọ ìwádìí 30 tí ó jáde ní 2006 lórí irú ìfètò-sọ́mọ-bíbí yìí fi hàn pé ìdá 67 nínú 100 àwọn ọkùnrin náà padà sí mílíọ̀nù 20 nínú mílílítà àtọ̀ kan láàárín oṣù 6, ìdá 90 láàárín ọdún 1. Àwọn yòókù lò tó ọdún 2. Ọkùnrin tí ara wọn pé ni ìwọ̀nyẹn, a sì mọ ìwọ̀n tí wọ́n gún. Ẹni tí ó ti ń da oríṣiríṣi pọ̀ ní jíìmù láti ọdún pípẹ́ lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù 5, òdo ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Ní oṣù kẹsàn-án, ó di mílíọ̀nù 3, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 16 ni ìwọ̀n tó kéré jù tí àjọ náà fi ń díwọ̀n àtọ̀ tó péye. Wọ́n ṣì ń retí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀.

Kí n tó fi àpilẹ̀kọ yìí ránṣẹ́, mo lọ bá Ìyàwó wa, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí ó wà nínú ọ̀rá ọjọ́ ìjelòó. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́.” Ó ní kí n rí i dájú pé mo fi kún un pé ìgbà 2 ni wọ́n ya fọ́tò ilé ọmọ òun, kí ẹnikẹ́ni tó fún ọkọ òun ní ike kékeré kan pé kí ó lọ fi gba àtọ̀ wá.